Bẹ́ńṣì Tí Kò Ní Onílé

Mo rántí ìgbà tí òórùn ike yíyọ́ kì í kúrò lára mi. Mo lè fọ aṣọ, mo lè fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ náà ló máa wà: òórùn kan tó jọ ti àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ti ìsàlẹ̀ ìkòkò tó jóná wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá wọ ọkọ̀ kòròpé, ẹni tó jókòó tì mí á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, á wo abẹ́ àga, kó tó wá wò mí. Mo ti jáde ní yunifásítì nígbà náà, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ti padà sí Òṣogbo, sí ilé àwọn òbí mi. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni pé mi ò fẹ́ jókòó.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí kì í ṣe àwàdà. Bàbá mi jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ àga rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ó máa ń mú mi lọ síbẹ̀ nígbà tí iléèwé bá wà nísinmi. Àga onígi ni, tìmùtìmù rẹ̀ sì ti jìn kòtò níbi tí ìdí rẹ̀ ń wà, bí ibi tí adìyẹ fi ṣe ibùsùn nínú yẹ̀pẹ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó lọ bá àwọn ojúgbà rẹ̀ nítorí mi, wọ́n sì bá mi rí iṣẹ́ kan ní sẹkitéríàtì. Iṣẹ́ gidi ni, irú iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbààwẹ̀ fún. Mi ò lè sọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ ẹ lọ́nà tí yóò bọ́gbọ́n mu létí ẹnikẹ́ni. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá ti ronú kan àga yẹn, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Ìyá mi wò mí títí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Kò sí ìdúró, kò sí ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó gbé odó mì. Odó wo ni ìwọ gbé mì?" Mo dìde, mo lọ dé ẹnu ọ̀nà, mo sì padà.

Ibi tí mo wá sá lọ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí. Mo sá fún àga, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àga.

Ìsọ̀ onípáànù kan ni, lójú ọ̀nà Iléṣà, bí ènìyàn bá ti ń jáde kúrò ní Òṣogbo. Obìnrin kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ àti garawa ike ló dá a sílẹ̀. Òun ni ọ̀gá wa. Ó ń gba ike àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà á kiri ìgboro: ìdérí ìgò, gálọ́ọ̀nù epo, garawa fífọ́, àga ike tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. A ó fọ̀ wọ́n, a ó sì ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ike yàtọ̀ síra. Òmíràn ń yọ́ kíákíá, òmíràn á ti jóná kí ó tó yọ́, bí a bá sì pa wọ́n pọ̀, ohun tó máa jáde á máa ṣẹ́ bí bisikíìtì. Ẹ̀rọ kan á lọ̀ wọ́n wẹ́wẹ́, iná á yọ́ wọn, a ó tẹ̀ wọ́n sínú mọ́ọ̀dì onírin, a ó sì rì wọ́n sínú omi kí wọ́n le. Pákó ni ohun tó ń jáde, pákó tó ṣeé fi ayùn gé, tí ikán kò lè jẹ. Kò sí méjì tó jọra nínú wọn. Òmíràn á jẹ́ búlúù tí pupa sáré gba inú rẹ̀ kọjá, òmíràn á dà bí ewé gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Nínú pákó wọ̀nyí la ti ń ṣe bẹ́ńṣì, ọ̀gá sì ti pinnu pé kì í ṣe fún pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìta gbangba ló fẹ́ kí wọ́n wà, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ro gbogbo ayé.

Ọ̀gá fẹ́ràn láti máa sọ fún àlejò pé, "Bẹ́ńṣì yìí á sin èmi, á sì sin ọmọ mi." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mi ò lè pa á mọ́ra.

"Bóyá ni o, ọ̀gá," mo ní. "Oòrùn máa ń ba ike jẹ́. A ò sì tíì ní èyí tó pẹ́ lọ́wọ́ wa tí a lè fi wé e."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo pákó tó wọ́. "Ó dáa, Bóyá. Máa sọ ọ́ létí mi. Má sọ ọ́ létí oníbàárà."

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Bóyá níbẹ̀. Káfíńtà wa á ní, "Ṣé Bóyá ti jẹun?" Ẹni tó ń lọ ike á sì dáhùn pé, "Bóyá." Àwàdà náà kò sú wọn rí.

Bàbá mi kò bá mi jà. Ó pè mí síta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní bí ohun tí a ń ṣe yìí bá rí ẹni tó gbà á kí ọdún tó parí, òun kò ní dárúkọ sẹkitéríàtì fún mi mọ́. Bí kò bá rí, kí n wọ bàtà, kí n lọ. Mo ní mo gbọ́. Mo rò pé àdéhùn tó dára ni, nítorí pé ó ṣeé wọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá so kọ́ ni Igbona, àdúgbò kan ní Òṣogbo. Àwọn ará Dàda Estate ti sọ fún ọ̀gá pé àwọn fẹ́ bẹ́ńṣì wọ̀nyí sí àdúgbò àwọn, ṣùgbọ́n kí àwọn kọ́kọ́ rí i níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lò ó. Ọ̀gá bá lọ sí Igbona, ó bẹ ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù ibẹ̀ pé kí wọ́n fún wa ní ilẹ̀ pẹlẹbẹ tó wà lójú títì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró de kòròpé. Alága wọn jẹ́ bàbá kan tó ti bá réluwéè ṣiṣẹ́ rí, tó ṣì máa ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó dáhùn ìbéèrè. Ó wo aago. Ó ní, "Ẹ gbé e síbẹ̀ títí di ìpàdé wa tó ń bọ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ń lò ó, kí ó wà. Bí wọn ò bá lò ó, ẹ wá kó ẹrù yín. A ò fẹ́ ohun tó máa di ibùsùn àwọn ọmọ ìta." Gbogbo wa mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Bí Igbona bá dá a padà, Dàda Estate kò ní gbà á, ọ̀gá á ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, èmi á sì wọ bàtà.

A gbé bẹ́ńṣì méjì lọ. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a tẹ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀yìn wọn, kí ó má bàa sí iyè méjì nínú ẹnikẹ́ni: TI GBOGBO WA NI. Inú mi dùn sí i gan-an. Mo wo lẹ́tà wọ̀nyí láti òdìkejì títì, mo rò pé kò sí ohun tí mo gbàgbé.

Kò sẹ́ni tó jókòó.

Kì í ṣe pé wọn kò wá síbẹ̀. Wọ́n wá, bí wọ́n ti máa ń wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì wọn, àwọn tó ń lọ sọ́jà wá pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì, wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ gbé ẹrù lé e. Ìdí nìkan ni wọn kò gbé lé e. Obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti tóbi dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn, ó fi ìkejì di ẹ̀yìn bẹ́ńṣì mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, títí kòròpé fi dé.

Mi ò lè dúró lójú kan ní àkókò yẹn. Láàárọ̀ mo wà ní Igbona, lọ́sàn-án mo wà lójú ọ̀nà Iléṣà, nírọ̀lẹ́ mo tún ti padà sí Igbona. Mo ro ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdí, mo sì dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóyá oòrùn ló ń mú un gbóná: mo fi ọwọ́ kàn án lọ́sàn-án gangan, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó láàárọ̀ kùtùkùtù tó tutù pẹ̀lú. Bóyá òórùn ni: mo mú imú súnmọ́ ọn lójú gbogbo ayé, kò rùn, ọkùnrin kan sì bi mí léèrè bóyá ara mi dá. Bóyá wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni, nítorí pé inú ìdọ̀tí la ti ṣà á: a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú wọn. Wọ́n kí wa kú iṣẹ́. Wọ́n sì dúró. Bóyá wọ́n ń bẹ̀rù kí kòròpé má lọ kọjá wọn: ṣùgbọ́n àwọn kan náà ń jókòó sórí òkúta àti gálọ́ọ̀nù níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, wọ́n sì ń dìde bí ọkọ̀ bá dé. Ìyẹn ló dà mí láàmú jù. Ìdí tó jókòó sórí gálọ́ọ̀nù kò lè sọ pé bẹ́ńṣì le.

Nígbà tí ìpàdé wọn ti ń súnmọ́, bàbá mi rán mi sí Ìbòkun, ìlú rẹ̀, kí n lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ara wọn kò yá. Inú bí mi sí ìrìn àjò yẹn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn mi kí n lọ kí aláìsàn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ara ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti yá nígbà tí mo débẹ̀. Wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń pa obì láwẹ́ sínú agbọ̀n. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn ní èdè Ìjẹ̀ṣà tí mo ń gbọ́ dáadáa, tí ahọ́n mi kì í sì í gbé bó ṣe yẹ. Wọ́n béèrè bàbá mi, wọ́n béèrè ìyá mi, wọ́n béèrè iṣẹ́ mi, mo sì ń ṣàlàyé ike. Ìyàwó wọn jáde láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n dúró, wọ́n wo ọkọ wọn.

"Ẹ̀yin náà ẹ kàn fi ọmọ sórí ìdúró láti àárọ̀. Jókòó, ọmọ mi."

Mo jókòó. Bí ìdí mi ti kan àga, mo tún fò dìde.

"Kí ló dé?" ni ìyá wí. "Ṣé kòkòrò wà níbẹ̀ ni?"

Wọ́n fi ìṣẹ́tí ìró wọn gbọn àga náà. Kò sí kòkòrò. Ohun tó ta mí ni pé àga yẹn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìgbà tí mo ti dé, ó ṣófo, ẹsẹ̀ sì ti ro mí láti ibùdókọ̀, síbẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé mo lè jókòó. Ta ni ó ti ní kí n jókòó? Èmi tí mo ti ń fi imú gbóòórùn bẹ́ńṣì kiri Igbona, mi ò wo ara mi rí. Níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá télọ̀, ìyá télọ̀ wà níbẹ̀ tó ń sọ pé "Ẹ jókòó ná, ọkọ̀ ń bọ̀." Níwájú bẹ́ńṣì wa, kò sẹ́nì kan.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n pa obì kan tán, wọ́n ní, "Bàbá tó bí èmi àti bàbá rẹ, òṣómàáló ni wọ́n. Wọ́n á kó aṣọ lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n á tà á láwìn, ìgbà tó bá yá wọ́n á padà lọ gba owó. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọ́n á lóṣòó. Òṣó ni wọ́n máa ló títí wọ́n á fi gbowó. Ìwọ rò pé kò sí àga nílé onítọ̀hún?"

"Ó wà, sà."

"Àwọn onílé á gbé àga jáde, wọ́n á ní, 'Bàbá, ẹ jókòó.' Bàbá wa ò ní jókòó. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá ti jókòó, àwọn ti di àlejò. Onílé á bu omi fún wọn, á béèrè ọmọ. Ta ló ń mu omi onílé tán kó tún máa bá a jà?" Wọ́n sọ awẹ́ obì kan sẹ́nu. "Ìjókòó kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fún ọ ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti wà ní ìsọ̀ kí ọ̀gá tó dé. Mo sọ fún un pé ohun tó ń ṣe wá ni pé kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jókòó, àti pé ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ sẹ́yìn bẹ́ńṣì ló tún bà á jẹ́ sí i.

"Ṣé ó dá ọ lójú, àbí bóyá ni?"

"Bóyá ni, ọ̀gá."

"Ó dáa. Lọ máa ní kí wọ́n jókòó."

Kò yẹ kí ó jẹ́ èmi. Mo jẹ́ ẹni tó máa ń ronú lórí "ẹ káàárọ̀" kí ó tó jáde lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mú àbá wá. Mo dúró ti bẹ́ńṣì ní Igbona, mò ń sọ fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí pé, "Ẹ jókòó, mà. Ẹ jókòó, sà." Ìyá kan ní òun dúpẹ́, òun kò ní pẹ́. Tíṣà kan jókòó sí ìdajì, ó ní, "Kí lẹ ń tà?" Ọkùnrin kan wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìjọ wo ni?" Àwọn díẹ̀ jókòó nítòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti yísẹ̀ lọ ra omi, màá padà bá wọn lórí ìdúró.

Ìyá télọ̀ ló sọ ojú abẹ níkòó. Ó ti ń wò mí láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó rékọjá títì pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn, mo ní kí ó jókòó, ó sì jókòó.

"Ilé yín nìyí?" ó bi mí.

"Rárá, mà."

Ó dìde. "Ẹ dákun, ta ló wá ni ín?"

Mo na ọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ó kà á sókè, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "Gbogbo wa dà? Ẹ pè é kó wá bá mi sọ̀rọ̀." Ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, mo sì gbọ́ bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèpàdé, èmi àti ọ̀gá ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sán. Ọ̀gá ti sọ fún awakọ̀ pé kí ó múra, ó ṣeé ṣe kí a kẹ́rù. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, láti bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ dé ìkejì. Ọ̀gá ní kí n jọ̀ọ́ dúró sójú kan, òyì ti ń kọ́ òun. Nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, Alága yọ láti àdúgbò, akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ń tẹ̀ lé e. Ojú akọ̀wé ti sọ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Alága wí. "A ti ṣèpàdé."

Mo rò pé mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo ti to àlàyé mi tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti mọ́ mi lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá, òun ló sì jáde.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó, sà."

Alága ká etí bùbá rẹ̀ sókè díẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó jókòó. Akọ̀wé náà jókòó tì í. Ó ṣẹlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá yàgò fún mọ́tò. Nígbà náà ni Alága wo ohun tó wà lábẹ́ ara rẹ̀.

"Ta ló ní kí n jókòó?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ. Ní Igbona." Ó kọjú sí akọ̀wé. "Ṣé o gbọ́? Ọmọ tó ti ojú ọ̀nà Iléṣà wá ló ń fún mi níjòókòó, ní àdúgbò tí mo kọ́lé sí kí wọ́n tó bí i."

"Ẹ sì ti jókòó náà, Alága," ni akọ̀wé wí.

"Mo mọ̀ pé mo ti jókòó." Ó wo aago rẹ̀, kò jọ pé ó rí ohun tó ń wá níbẹ̀. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìbòkun ni bàbá mi ti wá, sà."

"Ìjẹ̀ṣà!" Ó lu itan rẹ̀. "Ọmọ òṣómàáló. Mo ní kí ló dé tí kò fẹ́ lọ láti ọjọ́ yìí. Ìwọ wá wà lórí ìdúró. Ṣé o fẹ́ lóṣòó tì mí ni?"

Mo wá ọ̀rọ̀ gidi tí mo lè sọ, mi ò rí ju òtítọ́ lọ. "Ẹ ò tíì ní kí n jókòó, sà."

Kòròpé kan dúró, ó já ènìyàn kan sílẹ̀, ó lọ. Alága fi àtẹ́lẹwọ́ ra pákó ike náà, síwá, sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá ibi tó ti le.

"Ẹni a bá lábà ni baba," ó wí níkẹyìn. "Èmi lẹ bá ní Igbona. Jókòó."

Mo jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn láti ọjọ́ tí a ti gbé e débẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá mi náà jókòó, ọ̀gá sì jókòó kíákíá kí Alága má bàa yí ọkàn padà. Lẹ́yìn náà ló gbóhùn sókè sí òdìkejì títì.

"Ìyá télọ̀, kí lẹ ń wò? Ẹ máa bọ̀ wá jókòó."

"Ṣé ẹ ti di onílé ibẹ̀ ni, Alága?"

"Ìgbà wo ni mi ò jẹ́ onílé ibẹ̀?"

Akọ̀wé ha ọ̀fun. "Alága, ọ̀rọ̀ tí ìpàdé ní kí a wá sọ…"

"Ṣé o ò rí i pé mo ní àlejò ni?"

Títí di òní, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìpàdé ní kí wọ́n wá sọ. Awakọ̀ wa padà láìkẹ́rù. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í jáde síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sí ìkángun, á máa pe àwọn tó ń kọjá kí wọ́n wá jókòó, àfi bí ọ̀gá ibùdókọ̀ réluwéè tó ń pe èrò wọkọ̀. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn ń jókòó nígbà tí òun kò sí níbẹ̀ pàápàá. Àwọn ará Dàda Estate wá wò ó, wọ́n gba tiwọn. Bàbá mi náà wá, láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo rí i ní òdìkejì títì, ó dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, títí Alága fi pè é. Ó jókòó, ó sún síwájú, ó sún sẹ́yìn, ó ní, "Ó le ju tèmi lọ." Kò dárúkọ sẹkitéríàtì fún mi mọ́.

Mo ti gbọ́ tí ọ̀gá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn oníbàárà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ló ṣí ilẹ̀kùn. Èmi kò lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀. Òjò ti ń tán lọ nígbà náà, ó lè jẹ́ pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń pè wọ́n síta. Ìyá télọ̀ sì ti ń ní kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ dúró síbẹ̀ de aṣọ wọn. Nígbà tí a gbé òmíràn lọ sí Iléṣà, a wá àgbàlagbà kan tó máa ṣe onílé rẹ̀, bàbá náà gbà tayọ̀tayọ̀, síbẹ̀ ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà lórí bẹ́ńṣì yẹn títí di òní. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní òtítọ́ nínú. Bí òtítọ́ náà ti pọ̀ tó ni mi ò mọ̀.

Mo ti kúrò ní ìsọ̀ náà báyìí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ń gbé mi láti ìlú dé ìlú, ìyá mi sì ṣì ń béèrè odó tí mo gbé mì. Láìpẹ́ yìí ni mo bọ́ọ́lẹ̀ ní Igbona láti wọ kòròpé. Alága ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Búlúù inú pákó náà ti ṣá, bí mo ti sọ pé ó lè ṣá, inú mi kò sì dùn sí i pé mo jàre. Ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń bó ọsàn fún ọmọ rẹ̀. Mo dúró, mo ń wo ibi tí irin ti wọnú pákó, bóyá ó ti ń là.

"Ẹ jókòó," obìnrin náà wí, ó sì sún ọsàn rẹ̀ kúrò. "Ibẹ̀ mọ́."

Mi ò sọ fún un pé mo wà lára àwọn tó ṣe é. Mo dúpẹ́, mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n díẹ̀, bí ó ti máa ń gbọ̀n. Kòròpé tí mò ń dúró dè yọ lókè, ó fọn fèrè, ó dúró níwájú wa, àyè sì kù nínú rẹ̀. Kọ̀ńdọ́ kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó tún kígbe. Nígbà tó yá, ó lu ara ọkọ̀, wọ́n lọ.

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Àbí ẹ ò lọ mọ́ ni?"

Mo ní, "Bóyá."